Ta Ni Ó Ni Èésan?

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní oṣù mẹ́ta yìí. Ó dà bí ìbéèrè kékeré, ṣùgbọ́n bí a bá fà á, ó gùn. Òun nìyí: bí ohun tí a ti ń dà nù láti ọjọ́ pípẹ́ bá di ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń fi owó wá kiri, ta ni ó ni ín? Ṣé ẹni tí ó ni ẹ̀rọ tí ohun náà ti jáde ni, tàbí ẹni tí ó ti ń ṣà á láìsí ẹni tí ó bi í léèrè?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni èyí, pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ obìnrin nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààrò ni. Ta ni ó sì mọ ọ̀rọ̀ ààrò ju obìnrin lọ?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ. Bí a bá ti fún epo tán, ìhá ni ó kù. Ìyá àgbà kì í da ìhá nù. Òun ni ó fi ń ran iná ní òwúrọ̀, òun náà ni wọ́n ń dì bí ògùṣọ̀ kí àtùpà tó dé. Ekùrọ́ tí ó bá yọ nínú ìhá, yóò sá a gbẹ, yóò fọ́ ọ, yóò fi ọmọ inú rẹ̀ ṣe àdín. Èèpo líle tí ó fọ́ kúrò lára rẹ̀ ni a ń pè ní èésan. Ibo ni èésan ń lọ? Àgbẹ̀dẹ ni. Alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé igi lásán kò lè mú irin pọ́n tó bí ó ti fẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá da èésan sí i, tí ọmọ rẹ̀ sì ń fín ẹwìrì, irin yóò rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ọkọ́ àti àdá tí àwọn bàbá wa fi ṣí igbó ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, iná pàǹtí ọ̀pẹ ni a fi rọ púpọ̀ nínú wọn.

Èèpo kòkó ńkọ́? A ń sun ún fún eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí ó kù nídìí gààrí, ewúrẹ́ ni ó ni í, ẹ kò sì lè sọ fún ewúrẹ́ pé ìdọ̀tí ni ó ń jẹ. Ìyẹ̀fun pákó náà ní ìtàn tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń dáná ní àárín àwọn ọdún 1990 yóò rántí ìgbà tí kẹrosíìnì di ohun à-tò-gbà. Agolo ńlá ni a ń lu ihò sí ní ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan. A ó gbé ìgò dúró ní àárín rẹ̀, a ó ti igi kan gba ihò ìsàlẹ̀ wọlé títí yóò fi kan ìdí ìgò, a ó wá da ìyẹ̀fun pákó yí wọn ká, a ó gún un mọ́lẹ̀ kí ó le. Bí a bá rọra fa ìgò àti igi yọ, ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ ni iná yóò máa gbà. Bí a bá gún un dáadáa, ó lè se ẹ̀wà jinná láìfi nǹkan kún un. Àwọn kan ń pè é ní sítóòfù Àbáchà, àwọn tí ó sì ń lò ó kò fi orúkọ náà yin ẹnikẹ́ni.

Mo sọ gbogbo èyí kí a lè mọ̀ pé lílo pàǹtí fún iná kì í ṣe ohun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ wa. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni bí ààrò tí ń bèèrè fún un ṣe tóbi tó.

Ẹ wo búlọ́ọ̀kù ilé tí ẹ ń gbé. Ó ṣeé ṣe kí sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ ti Ewékorò wá, tàbí Ṣàgámù, tàbí Ìbéṣè. Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí ni gbogbo wọn wà. Ti Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, ti Ṣàgámù ní 1978. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, wọn a lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀, wọn a sì kó o sínú ààrò kan tí ó rí bí ọ̀pá irin gígùn tí a dá sí ẹ̀gbẹ́, tí ó ń yí díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán tòru. Omi inú ìkòkò wa ń hó bí ooru rẹ̀ bá dé 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Òkúta inú ààrò yẹn kò ní di sìmẹ́ǹtì àfi bí ooru rẹ̀ bá dé nǹkan bí 1,450. Irin fúnra rẹ̀ ń yọ́ bí omi ní 1,538, nítorí náà ẹ lè fojú inú wo irú iná tí a ń wí.

Irú iná bẹ́ẹ̀ ni iná ẹ̀lẹ́tíríìkì kò tíì rọrùn láti dá. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí iná wọn kì í lọ, wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, níbi tí gbogbo iná tí ń gba orí wáyà ìjọba kọjá kì í sábà ju 4,000 tàbí 5,000 mẹ́gáwọ́ọ̀tì lọ fún ènìyàn tí ó lé ní 200 mílíọ̀nù, ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà yóò pa yín. Ẹni tí iná kò mọ́lẹ̀ nínú gílóòbù rẹ̀, kí ni yóò fi yan òkúta?

Gáàsì, epo dúdú àti èédú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sí òfuurufú, èyí tí ó ń mú ayé gbóná, tí òjò kò fi mọ ìgbà mọ́, tí omi sì ń kún wọ ilé àwọn ará wa ní etí ọ̀sà. Bí a bá ro ti gbogbo ayé pọ̀, iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì nìkan ni ó ń mú nǹkan bí 7 tàbí 8 wá nínú 100 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ọmọ ènìyàn ń tú jáde. Kí a sì sọ òtítọ́: nǹkan bí 60 nínú 100 ti sìmẹ́ǹtì, inú òkúta ẹfun fúnra rẹ̀ ni ó ti ń jáde bí iná bá ti bà á. Nǹkan bí 40 yòókù ni ti ohun ìdáná. Orí 40 yìí ni ọ̀rọ̀ pàǹtí ti wọlé, kò sì lè kọjá ibẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Lafarge Africa ti ń da èésan àti irú pàǹtí oko bẹ́ẹ̀ sínú ààrò wọn ní Ewékorò. Àwọn Dangote náà ti ń tọ ọ̀nà yìí. Ní 2016, nígbà tí àwọn jàǹdùkú ń ba ọ̀pá gáàsì jẹ́ ní Niger Delta, tí gáàsì kò sì dé ìhà ọ̀dọ̀ wa dáadáa, àwọn onísìmẹ́ǹtì rí i pé ẹni tí ó gbára lé ọ̀nà kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ọ̀nà bá dí ni yóò mọ̀. Nítorí náà kì í ṣe ìfẹ́ ayé nìkan ni ó ń lé wọn. Èmi kò fi èyí bú wọn. Bí ohun rere bá bá èrè rìn, kò di búburú nítorí bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó wá mú èésan sàn ju gáàsì lọ, nígbà tí méjèèjì ń jó? Ọ̀pẹ tí ó so ekùrọ́ yẹn, inú afẹ́fẹ́ ni ó ti fa kábọ́ọ̀nù tí ó fi kọ́ ara rẹ̀, kò sì tíì pẹ́. Bí a bá sun èésan, ohun tí ọ̀pẹ mú ní èṣí àti ní ìdúnta ni a dá padà, ọ̀pẹ tí ó wà lóko yóò sì tún fà á. Ṣùgbọ́n gáàsì àti èédú ilẹ̀, ohun tí a ti sin láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ni a ń hú jáde, kò sì sí igi tí ń dúró láti gbà á.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí bóyá ó dára kí a máa fi pàǹtí yan sìmẹ́ǹtì, n ó ní ó dára. Ẹ wo òkìtì ìyẹ̀fun pákó tí ó wà lẹ́yìn àwọn sọ́míìlì Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n ti di òkè. Òjò ń rin ín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń jẹrà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n a sì dáná sí i, iná náà a máa rú tùù fún ọjọ́ púpọ̀, èéfín rẹ̀ a sì wọ imú àwọn ọmọdé àti àwọn arúgbó tí ó ní ikọ́ fée. Iná tí kò se ọbẹ̀, tí kò yan gààrí, tí kò rọ ọkọ́. Bí ọkọ̀ bá wá kó irú èyí lọ sí Ewékorò, ta ni yóò sunkún rẹ̀?

Èésan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí ó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Lójú ẹni tí ó jókòó ní ọ́fíìsì tí ó ń ka tọ́ọ̀nù, pàǹtí ni èésan. Lójú obìnrin tí ń yan gààrí ní ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè sí Òru, iná ọ̀la ni. Lójú alágbẹ̀dẹ, iṣẹ́ òòjọ́ ni. Kì í ṣe Ewékorò nìkan ni ó ń wá a. Àwọn oníṣòwò ń rà á ní Nàìjíríà kó lọ sí òkè òkun. Ohun tí olówó méjì bá ń dù, owó rẹ̀ kì í dúró sójú kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan tí ó jìnnà sí wa. Ní oṣù July 2012, ìjọba Japan ṣe òfin pé ẹni tí ó bá fi igi tàbí pàǹtí oko ṣe iná ẹ̀lẹ́tíríìkì yóò gba owó tí ó ju ti ẹlòmíràn lọ. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi fi ń kó èésan láti Indonesia àti Malaysia lọ sí Japan. Àwọn tí ń fún epo ní ilẹ̀ wọnnì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwúlò èésan. Òun ni wọ́n ti fi ń gbé omi ẹ̀rọ wọn kaná. Ìlú méjèèjì kò jìyà èésan kí Japan tó dé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn oníṣòwò ni pàǹtí. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ará Japan fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìwé ẹ̀rí ibi tí èésan ti wá.

Ẹnìkan lè sọ pé, kí ni ó burú nínú kí nǹkan di owó? Ṣé kì í ṣe ìbùkún ni kí ohun tí a ń dà nù di ohun títà? Ìbùkún ni, fún ẹni tí ó ní i láti tà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ìfọ́ ekùrọ́ ni yóò gba owó náà. Opó tí ó ti ń gbé apẹ̀rẹ̀ wá ní àṣálẹ́, tí wọ́n ń sọ fún pé "ìyá, ẹ máa kó o lọ, ẹ ti bá wa tún ibẹ̀ ṣe," kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Kò san owó rí, nítorí náà wọn kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bí a bá fi òfin ọjà nìkan dá ẹjọ́ rẹ̀, ó ti jẹ̀bi kí ó tó ya ẹnu.

Ó dára tí a fi ní òfin mìíràn tí ó ju ti ọjà lọ. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Rúùtù. Kì í ṣe àánú lásán ni ó gbé e wọ oko Bóásì. Òfin ni. A ti kọ ọ́ sínú Léfítíkù àti Diutarónómì pé olóko kò gbọdọ̀ kárúgbìn igun oko rẹ̀ tán, kò sì gbọdọ̀ padà lọ gbé ìtí tí ó gbàgbé. Ti àlejò ni, ti ọmọ aláìníbaba ni, ti opó ni. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: olóko ni ó gbìn, olóko ni ó ro, síbẹ̀ èéṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Bóásì wá ṣe ju òfin lọ. Ó pàṣẹ fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ máa jẹ́ kí díẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ìtí wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Rúùtù pa ohun tí ó pèéṣẹ́, ó tó nǹkan bí efa bálì kan. Bóásì ì bá ti ní ẹ̀rọ tí ń gbá oko mọ́ féfé, tí kò jẹ́ kí hóró kan ṣubú, bóyá àwọn ènìyàn ì bá yìn ín pé kì í fi nǹkan ṣòfò. Ibo ni Rúùtù ì bá lọ?

Èyí ni ó ń dà mí láàmú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àìfi-nǹkan-ṣòfò, ìwà rere ni, ìwà tí a fi kọ́ àwọn ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n ìwà rere olówó lè gbá ilẹ̀ mọ́ títí dé abẹ́ ẹsẹ̀ tálákà.

Ẹlòmíràn á tún ní kí obìnrin náà lọ ra gáàsì ìdáná, ó mọ́ jù, kò sì ní ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Òtítọ́ ni pé èéfín ààrò ń pa àwọn obìnrin, n kò sì ní gbé ògo fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá lè fi gáàsì sí ìdí gààrí wa ní iye tí a lè san, kí ó wá kó gbogbo èésan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra gáàsì mọ iye tí sílíńdà kan ń gba. Obìnrin tí kò rí gáàsì rà, tí kò sì rí èésan ṣà mọ́, kò ní sọ pé òun kò dáná mọ́. Igbó ni yóò wọ̀.

Igbó wo? Ọmọ ni. Igbó ìjọba tí a ń pè ní Ọmọ, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí J4, ti wà lábẹ́ ààbò láti 1925. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 1,305 níbùú lóròó, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó pàtàkì ayé ní 1977. Erin ṣì ń gbé inú rẹ̀ dòní olónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn agégi àti àwọn tí ń gbin kòkó láìgbàṣẹ ti jẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ dé àárín. Ẹ wá ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú mi. Ilé iṣẹ́ kó èésan lọ kí kábọ́ọ̀nù lè dínkù. Obìnrin tí ń lo èésan lọ gé igi tútù. Igi tí ń fa kábọ́ọ̀nù láti inú afẹ́fẹ́ ṣubú. Nínú ìwé ilé iṣẹ́, a jèrè. Nínú igbó Ọmọ, a pàdánù, kò sì sí ìwé tí a kọ ìyẹn sí. Ẹ rí i nígbà náà pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan ni mo ń sọ. Bí a bá rẹ́ opó jẹ, ìṣirò kábọ́ọ̀nù náà kò ní pé.

Ọ̀rọ̀ igbó yìí tún fa òmíràn. Ìyẹ̀fun pákó ti mo sọ ní ẹ̀ẹ̀kan pé kí wọ́n kó lọ, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ibi tí ìtì igi ti wá. Bí a bá jí igi gé ní òru nínú igbó ìjọba, tí a là á ní sọ́míìlì, ṣé ìyẹ̀fun rẹ̀ di mímọ́ nítorí pé ó yan sìmẹ́ǹtì? Ẹni tí ó ra ẹran tí a jí pa kò lè sọ pé awọ nìkan ni òun rà. Bí ìyẹ̀fun bá sì wá di owó gidi, sọ́míìlì tí ì bá ti kógbá sílé yóò rí owó kún owó, yóò sì tún ra ìtì sí i. Pàǹtí yóò wá di ohun tí a ń torí rẹ̀ ṣiṣẹ́.

A ti rí irú rẹ̀ rí, a kàn ti gbàgbé ni. Ìjọba àpapọ̀ gbé ilé iṣẹ́ ìwé kalẹ̀ sí Ìwópìn ní Ogun Waterside ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n gbin melina lọ rẹrẹ nínú igbó Ọmọ kí ilé iṣẹ́ náà lè rí igi lò. Igbó àtijọ́ ni wọ́n gé kí melina lè rí àyè. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti rò ó. Melina dàgbà, àwọn onísọ́míìlì wá ń gé e. Igbó àtijọ́ lọ, ìwé kò jáde. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá tún wá láti sọ pé òun fẹ́ gbin igi fún ààrò ilé iṣẹ́, kí àwọn ará Àbígí àti Ìwópìn rántí kí wọ́n tó ṣàtẹ́wọ́.

Kí a yà díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn alákàrà, nítorí ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ sí òróró. Bàlúù náà kò ṣeé fi bátìrì gbé kọjá òkun, bátìrì ti wúwo jù. Wọ́n wá ń fi ọ̀rá àti òróró àlòkù ṣe epo fún un. Ní November 28, 2023, bàlúù Virgin Atlantic kan fò láti Lọ́ńdọ̀nù dé New York láìlo epo bàlúù tí a ń wà láti inú ilẹ̀ rárá, irú òróró àlòkù àti ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ni a sì fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo rẹ̀. Ní 2025, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí 2 nínú 100 epo bàlúù jẹ́ irú èyí, yóò sì di 10 ní 2030. Àwọn ọmọ wa tí ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì lè máa fò lórí ohun tí a fi dín ẹja ní ìlú ẹlòmíràn.

Ó dùn mọ́ mi nínú. Òróró tí ó ti dúdú, tí a ti dín àkàrà nínú rẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, ìkùn ènìyàn kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ó lọ. Bí ẹnìkan bá rà á lọ́wọ́ alákàrà, a gba aláàkàrà, a gba oníbàárà. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Nígbà tí òróró àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí wọ́n ju tuntun lọ, àwọn aláṣẹ ní Yúróòpù fura pé epo ọ̀pẹ tuntun wà nínú ohun tí wọ́n ń kó wọlé ní orúkọ àlòkù. Ọjọ́ tí pàǹtí bá ti wọ́n ju ojúlówó lọ, ènìyàn yóò máa ba ojúlówó jẹ́ kí ó lè di pàǹtí. Ta ni yóò san án? Ẹni tí ó ń ra epo sísè ní ọjà ni.

N kò ní pẹ́ lórí táyà àti ọ̀rá nylon, tí àwọn ààrò sìmẹ́ǹtì kan ní ayé náà ń sun. Iná tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ ń run ohun tí iná ààtàn wa kò lè run, ó sì sàn ju kí a sun táyà lẹ́bàá ọ̀nà fún ẹran. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀ lọ, èéfín ilé iṣẹ́ kì í sì í tọ ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́. Àwọn tí ń gbé ní Ewékorò ti mọ eruku sìmẹ́ǹtì lórí páànù wọn àti lórí ewé ẹ̀fọ́ wọn láti ọdún pípẹ́. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a ń dà sí iná náà, àti ohun tí ń jáde lókè rẹ̀, kí a sì fi èdè tí wọ́n gbọ́ sọ fún wọn.

Ta ni ó wá ni èésan? Ìdáhùn mi ni pé ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ó ni í, ṣùgbọ́n kò ni ín tán. Kí a tó pe ohunkóhun ní pàǹtí, ẹni tí ń lò ó ni kí a kọ́kọ́ bi, kì í ṣe ẹni tí ń dà á nù. Ìyẹ̀fun tí ń jó lásán ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bí igi rẹ̀ bá ní ìwé, kí ó máa lọ. Èésan tí àwọn kan fi ń jẹun, kí igun oko ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ohun tí ó ṣòro. Púpọ̀ nínú wa ni ó ní ẹ̀rọ ìfọ́ ekùrọ́ tàbí tí ọkọ rẹ̀ ní in. Àwọn mìíràn jẹ́ olórí nínú ẹgbẹ́ elépo. Nígbà tí oníbàárà bá mú ọkọ̀ akẹ́rù wá tí ẹ ń nájà, kí ẹ sọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan yóò dúró nílẹ̀ fún àwọn tí ó ti ń ṣà á tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì mọ orúkọ wọn. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 20 kílò, 200 kílò ni. Ọkọ̀ tí ó gbé 30 tọ́ọ̀nù, èyí kò tó 1 nínú 100 ẹrù rẹ̀. Bí omi bá gbẹ lára èésan láti ibí dé Ewékorò, ó lè dínkù jù bẹ́ẹ̀ lọ.